Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Pírósítéètì Tí Ó Ti Tàn Ká: Èrè Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹni

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìtàn ni iṣẹ́ mi. Ohun tí ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo jókòó ti àbúrò bàbá mi ní ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú pírósítéètì, kókó kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ti dé inú egungun rẹ̀. Bí àrùn náà bá ti dé ibẹ̀, a kì í sábà rí i wò tán mọ́. Àkókò ni ìtọ́jú ń rà fún ẹni, ó sì yẹ kí a mọ iye tí a ń rà á.

Ní ọdún 1941, ní Yunifásítì Chicago, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn pé ohun tí kórópọ̀n ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Bí a bá yọ kórópọ̀n, tàbí tí a fún aláìsàn ní oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ bí omi ara obìnrin, àrùn náà a rọlẹ̀ fún ìgbà kan. Àwọn tí ìrora egungun ti dè mọ́ ibùsùn dìde. A fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: títẹ ènìyàn lọ́dàá ni. Lóòótọ́, ẹni ńlá ni ìwẹ̀fà ní ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, síbẹ̀ èmi kò tíì rí bàbá tí ó fi èyí tu ara rẹ̀ nínú. Ìfẹ́ obìnrin a kúrò lára, ooru a máa bo ènìyàn lójijì, egungun a sì di ẹlẹgẹ́.

Abájọ tí oògùn stilboestrol, tí Charles Dodds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1938, fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn: kò wọ́n, kò sì ní ọ̀bẹ nínú. Ọdún 1960 ni àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ṣe ológun rí tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n pín àwọn aláìsàn: àwọn kan gba oògùn, a yọ kórópọ̀n àwọn mìíràn, àwọn kan sì gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1967, jẹjẹrẹ kò pa àwọn tí ń lo mílígíráàmù 5 lójúmọ́ tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń pa wọ́n jù. Nígbà tí a ka gbogbo òkú pọ̀, èrè náà ti pòórá. Títí di ìgbà náà, kókó jẹjẹrẹ ni à ń wọ̀n. Ìwádìí yìí ni ó gbé odidi ènìyàn sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé mílígíráàmù 1 lè dá àrùn náà dúró bí 5 ti ń dá a dúró, tí ewu ọkàn sì dín kù.

Nípasẹ̀ iṣẹ́ Andrew Schally, tí ó gba Nobel ní ọdún 1977, a ní abẹ́rẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ láìlo ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n a kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báyìí ni ìnira ṣí lára ènìyàn lọ sínú àpò rẹ̀, ooru ara kò sì lọ. Ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú Provenge: 93,000 dọ́là ni fún aláìsàn kan, èrè rẹ̀ nínú ìwádìí sì jẹ́ nǹkan bí oṣù 4. Àwọn tí ń rẹ́rìn-ín sí oṣù 4 kò tíì bá ẹni tí ń retí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba wọn sì gbà láti san án fún àwọn àgbàlagbà wọn ní ọdún 2011.

Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń san owó ìwòsàn, nítorí náà iṣẹ́ abẹ ti ọdún 1941 ṣì wọ́pọ̀ láàrin wa. Àbúrò bàbá mi béèrè iye abẹ́rẹ́, ó sì béèrè ìgbà tí yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Dókítà ní kò níí dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ọmọ òun 2 ṣì wà ní yunifásítì, kí wọ́n gbé ọ̀bẹ. Ó bẹ̀ mí kí n má ṣe sọ fún àwọn ọmọ náà ohun tí wọ́n yọ. Ó lo ọdún 3 lẹ́yìn náà, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí oko ní 2 nínú wọn.