Àlàbí, Tọ́pẹ́

Tọ́pẹ́ Àlàbí, tí a bí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1970, jẹ́ akọrin ìhìnrere àti òṣèrébìnrin ọmọ Yorùbá, tí ohùn rẹ̀ fi ìdí orin inú fíìmù múlẹ̀ nínú sinimá Yorùbá.

Orin inú fíìmù ni orin tí a ṣẹ̀dá fún ìtàn kan pàtó, tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí a sì fi sábẹ́ àwòrán. Iṣẹ́ yìí súnmọ́ ti àwọn akọrin fíìmù ilẹ̀ Íńdíà, bí Lata Mangeshkar (1929–2022), tí òṣèré máa ń mi ẹnu tẹ̀lé ohùn wọn. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù Yorùbá, òṣèré sábà máa ń dákẹ́, tí orin yóò sì máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí yóò máa kìlọ̀ fún un, tí yóò sì máa pòwe ìtàn náà fún òǹwòran.

Ìbàdàn ni Àlàbí ti bá ẹgbẹ́ aláwàdà Jesters International ṣeré, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré Aládé Arómirẹ́, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sínú fíìmù. Ní ọdún 2001, ó gbé àwo orin ìhìnrere *Oore Tí Ò Common* jáde.

Irú iṣẹ́ orin inú fíìmù yìí kan náà ni akọrin Stanley Okorie ń ṣe fún àwọn fíìmù tí àwọn Igbo ń ṣe, tí Enugu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdó wọn.