Kí Orpheus Tó Bojú Wẹ̀yìn: Àlàyé lórí Àwòrán Kan tí Corot Yà

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ àwòrán lè dá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìsí ìtàn tí ó bí i?

Ẹni tí ó bá ti ka ewì Virgil tàbí ti Ovid mọ ìtàn Orpheus àti Eurydice. Ejò ṣán Eurydice, ó sì kú. Orpheus ọkọ rẹ̀ gbé dùùrù, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ipò òkú, orin rẹ̀ sì yọ́ ọkàn ọba àti ayaba ibẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda aya rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ka èèwọ̀ kan fún un: kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó títí wọn yóò fi dé ìmọ́lẹ̀ ayé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọdún 1859, wọ́n ṣe eré olórin tí Gluck kọ lórí ìtàn yìí ní ìlú Paris. Berlioz ni ó tún un tò. Ní 1861, Corot, ayàwòrán ará Faransé tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, gbé àwòrán ìtàn kan náà wá sí àfihàn ńlá ìlú náà. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni àwòrán ọ̀hún wà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí àkókò tí Corot yàn. Kò ya ìgbà tí ejò yọ sí obìnrin náà. Poussin ti ya ìyẹn ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú rẹ̀. Kò sì ya ìgbà tí ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń lọ ni ó yà. Orpheus na dùùrù síwájú bí ẹni tí ó na fìtílà, ó sì di aya rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ní òdìkejì omi, àwọn òkú dúró bí òjìji láàárín igi.

Àwọn kan lè sọ pé àwòrán ìrètí ni èyí, nítorí kò sí ẹkún nínú rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ewé tí ó dà bí ẹni pé eérú bò ó, àti kùrukùru tí kò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ ni tàbí ó ń ṣú. Kò sí iná, kò sí iwin. Ipò òkú Corot kò yàtọ̀ sí etí odò kan ní Faransé. Dùùrù náà ni àmì agbára: ó ṣí ilẹ̀kùn ikú, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ ojú ẹni tí ó ni ín.

Àwọn àgbà wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìtàn yìí, ojú gan-an ni ikú wà. Orpheus kò gbọdọ̀ wò, àwa ni Corot fi sí ipò ẹni tí ń wò. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yóò rí tọkọtaya kan tí ń rin inú igbó. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò fẹ́ ké sí ọkùnrin náà pé kí ó má yíjú padà. Inú ìmọ̀ tiwa ni ìbànújẹ́ àwòrán yìí ń gbé, ìtàn ni ó sì fi ìmọ̀ náà lé wa lọ́wọ́.