Ogun àti Ìfẹ́ Orílẹ̀-Èdè Ẹni nínú Ìdìde àti Ìṣubú Ọ̀yọ́



Ọmọ tí a bí sí Akínmọ̀ọ́rìn, tí kò ju kí ó wọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dé Ọ̀yọ́, lè rò pé láti inú Ọ̀yọ́ tí ó mọ̀ yìí ni àwọn Aláàfin àtijọ́ ti ń rán ẹlẹ́ṣin lọ jagun ní Dàhọ̀mì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú ìjọba ńlá náà, wà ní ìhà àríwá, ó tó nǹkan bí 130 kìlómítà sí Ọ̀yọ́ òní, igbó sì ti bo àwókù odi rẹ̀. Àgọ́-Ọ̀jà ni à ń pe Ọ̀yọ́ òní kí Aláàfin Àtìbà tó sọ ọ́ di ibùjókòó ọba lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1836. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó lé ìjọba tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé rẹ̀?

Ogun ni ó kọ́ ilé náà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà lé Aláàfin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ìgbòho ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi títí Aláàfin Abípa fi kó wọn padà sílé. Ìyà náà kọ́ wọn lọ́gbọ́n, wọ́n sì tẹra mọ́ ogun ẹlẹ́ṣin. Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin. Ẹrú àti ọjà tí ó ti etí òkun wá ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhọ̀mì. Ní 1730, Dàhọ̀mì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì tún fìdí àdéhùn náà múlẹ̀ ní 1748. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbára yìí ti ń ṣiṣẹ́. Nínú igbó dídí, kòkòrò tí ń fa àìsàn sí ẹṣin lára kò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin lè ta pútú.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ogun kó jọ, ogun náà ni a ó máa fi ṣọ́ ọ. Àwọn Ìlàrí ni ojú Aláàfin ní àwọn ìlú tí ń sìn ín. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ọkàn ènìyàn. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tilẹ̀ ń tọ́ka sí Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun, ìbátan yẹn kò tíì di ìfẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìlú ẹni ni orílẹ̀-èdè ẹni.

Ibi tí èyí ti kọ́kọ́ hàn gbangba ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, ẹni tí ó jọba títí di 1789. Ìtàn sọ fún wa pé Lísàbí kò pariwo ogun. Ẹgbẹ́ àáró, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, ni ó fi bojú. Ẹni tí ń wò wọ́n rò pé oko ni wọ́n ń ro, àṣé ogun ni wọ́n ń kọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n dìde sí àwọn Ìlàrí, wọ́n pa wọ́n, Ẹ̀gbá sì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ní 1783, àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní ayé Gezo, ẹni tí ó jọba ní 1818, Dàhọ̀mì pẹ̀lú já àjàgà náà nù.

Nínú ilé pàápàá, nǹkan kò gún. Láti 1754 títí di 1774, agbára Baṣọ̀run Gáà bo ti Aláàfin mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà sì ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, Aólẹ̀ sì kú ní nǹkan bí 1796. Ní 1817, Àfọ̀njá ké sí àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹrú Haúsá láti wá gbè é lẹ́yìn ní Ìlọrin. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni ó ti ń tọ́jú ẹṣin Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀! Ní nǹkan bí 1824, àwọn tí ó pè náà ni ó pa á, Ìlọrin sì di ara ìjọba Sókótó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn di gbogbo ẹ̀bi yìí ru Àfọ̀njá nìkan; kódà, àwọn kan ń fi orúkọ rẹ̀ bú ọmọ Yorùbá títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹnì kan kò lè wó ilé tí gbogbo ará ilé bá fẹ́ràn láti máa gbé. Ẹ̀gbá ti lọ kí Àfọ̀njá tó dìtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú tí a kó láti fi gbé ìjọba ró kò rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí ó kú nítorí rẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé Ìbàdàn kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn dá ogun Ìlọrin dúró, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì ń ni ará ìlú lára. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀. Àwọn ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní Èkìtì Parapọ̀ ni àwọn. Ogun Kírìjì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tán pátápátá títí di 1893. Òyìnbó ni ó wá là wọ́n. Ní 1895, òyìnbó kan náà yìnbọn sí Ọ̀yọ́ Àtìbà. Ẹni tí ó wá pa iná ti di onílé.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ogun ni ó so àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì pọ̀ ní 1871, nítorí pé wọ́n ti ka ara wọn sí ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà. Ogun náà ni ó tú ìjọba Austria-Hungary ká ní 1918, nítorí pé àwọn ẹ̀yà abẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá dúró. Ogun kan kì í fún ènìyàn ní ìṣọ̀kan tí kò sí nínú ọkàn rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan jáde láti inú eérú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni à ń pè ní Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ogun kó Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn pàdé ní Sàró, wọ́n sì rí i pé èdè àwọn kò jìnnà síra. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, wà lára wọn. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tí ó sì jẹ́ oníṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. A tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ohun tí idà Aláàfin kò lè ṣe, ìwé àti èdè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Ọ̀yọ́, ẹ má ṣe dúró lórí iye ìlú tí Aláàfin ṣẹ́gun. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ó ti rí lára ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi jà fún òmìnira lónìí lè fi ẹlòmíràn sínú àjàgà lọ́la bí kò bá ṣọ́ra. Ìbàdàn ni ẹ̀rí wa. Ìjọba tí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, kí olúkúlùkù tí ń bẹ nínú rẹ̀ lè pè é ní tèmi.