Ikọ̀ Tí Kò Mọ Oró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ikọ̀ ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n báwo ni ikọ̀ yóò ṣe lo ọgbọ́n lórí ohun tí kò yé e?

Nígbà tí Samuel Johnson àti Charles Phillips ń jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1886, ìbọn kò ṣàjèjì sí wọn. Ajerò ti Ìjerò wà lára àwọn ọba tí àdéhùn náà dárúkọ, kò sì sí èyí tó nílò àlàyé nínú wọn. Ohun ìjà Kírìjì hàn sójú, ó sì ń dún sétí.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń fín oògùn sí kòkó ní Èrìjìyàn-Èkìtì mọ̀ pé ohun tó pa kòkòrò lè pa ènìyàn. Oògùn kòkòrò ni Gerhard Schrader, ará Jámánì, ń wá ní 1936 tó fi ṣàwárí tabun, oró tó ń da iṣẹ́ iṣan ara rú títí èémí yóò fi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni thiodiglycol: a ń lò ó nínú tàdáwà, a sì lè fi ṣe oró tó ń bó ènìyàn lára.

Ìdí nìyí tí Àdéhùn Lórí Ohun Ìjà Kẹ́míkà, tí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ní Paris ní 1993, tó sì di òfin ní 1997, fi ń wo ohun tí a fẹ́ fi kẹ́míkà ṣe àti bí ó ti pọ̀ tó. Nàìjíríà gbà á wọlé ní 1999. Bí aṣojú wa kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, ó lè jẹ́ kí aṣoró kọjá, ó sì lè dínà mọ́ oògùn àgbẹ̀.

Lóòótọ́, àdéhùn náà ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gbani nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kò ṣàǹfààní fún ẹni tí kò lè gbọ́ ọ yé. Ní oṣù keje 2023, Amẹ́ríkà pa èyí tó kẹ́yìn run nínú àwọn ohun ìjà kẹ́míkà tí àwọn orílẹ̀-èdè jẹ́wọ́ rẹ̀. Oró jóná; ìmọ̀ tí a fi ṣe é kò ṣe é sun. Ó yẹ kí ikọ̀ wa náà ní in, kí a tó rán an níṣẹ́.