Ilẹ̀ Tí À Ń Tẹ̀: Ta Ló Ń Jẹ Owó Rẹ̀?

Ìtàn ilẹ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó.

Iṣẹ́ ilẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n ń to àpáàdì ní ìnàró sí àgbàlá. Àwọn ará Ifẹ̀ ń pìtàn pé ayé Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ni. Nínú ilé, àwọn obìnrin máa ń fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ títí yóò fi dán. Kò sẹ́ni tó ń ta á lọ́jà.

Sìmẹ́ńtì ló sọ ọ́ di òwò ńlá. Ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Nígbà náà, tẹ̀rásò ni ilẹ̀ àwọn tó rí jájẹ. Wọ́n á fọ́ mábù wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n á tẹ́ ẹ. Tó bá le tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ àti omi lọ̀ ọ́ títí òkúta yóò fi yọjú. Mábù ọ̀hún kò sì jìnnà: láti Ìkàrẹ́, ẹ gba Ibillo kọjá sí Igarra àti Ikpeshi, ẹ ti dé ilẹ̀ mábù. Ẹni tó ń fọ́ òkúta àti ẹni tó ń lọ̀ ọ́, ìtòsí ni wọ́n ti lè ná owó wọn.

Táìlì wá dé. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ. Tẹ̀rásò máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kánjú ṣí ìsọ̀ kò ní dúró, èmi kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n owó ti yà: ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ bí èyí tó wà ní Ajaokuta, tàbí sí Ṣáínà. Èrè orí páálí ló kù fún ọlọ́jà Ìkàrẹ́.

Àpáta ló yí Ọ̀kà ká, síbẹ̀ òkèèrè la ti ń ra ilẹ̀. Táìlì tó bá fọ́, ẹ ó wá irú rẹ̀ kiri ọjà. Tẹ̀rásò tó bá ṣá, ẹ̀rọ yóò tún un lọ̀, yóò dán bíi tuntun. Bí àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ yìí bá lọ láìní ọmọ iṣẹ́, òkúta yóò wà, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ní sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè iye méjèèjì kí ẹ tó sanwó.

Ó dìgbà kan ná.