Owó Iwájú, Owó Ẹ̀yìn: Ẹ̀kọ́ Inú Àṣekágbá Mẹ́rin Tí 3SC Gbá

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn tó ń gbá góòlù wọlé ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tó bá béèrè ìtàn 3SC Ìbàdàn yóò gbọ́ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Rashidi Yekini kó tó gbọ́ Best Ogedegbe tó ṣọ́ ilé, tàbí Samuel Òjébọ̀dé tó dí ẹ̀yìn. Ibi tí ìyìn bá sì gbà, ibẹ̀ ni owó máa ń tẹ̀ lé e lọ. Èrò tèmi ni pé àṣà yìí kò bá ohun tí ìtàn fi hàn mu. Àṣekágbá mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà gbá nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún 1976 sí 1996 fi yé wa pé ibi tó bá ń jò ni ó yẹ kí owó lọ, ìbáà wu èrò ìwòran, ìbáà má wù wọ́n.

Lọ́dún 1976, nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ náà ṣì jẹ́ IICC, orúkọ àjọ ìjọba tó ń yá ilé iṣẹ́ lówó, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní àmì ayò 4 sí 1. Ayò mẹ́rin yẹn ni gbogbo ayé ń rántí, ṣùgbọ́n Yaoundé, níbi tí wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, ni wọ́n ti dáàbò bò ó. Tonnerre tí Roger Milla wà nínú wọn ń wá góòlù mẹ́ta, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí, bí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà ṣe kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Bákan náà ló rí lọ́dún 1992: wọ́n ta ọ̀mì 0 sí 0 pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Kampala, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá na wọ́n ní 3 sí 0 n'Ìbàdàn. Lọ́dún 1996 ẹ̀wẹ̀, wọ́n na Zamalek ní 2 sí 1 nílé, Zamalek san án padà ní 2 sí 1 ní Káírò, ó sì fi pẹnáritì gba ife lọ, 5 sí 4. Iwájú ṣe tirẹ̀, góòlù mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé. Ká ní wọn ò jẹ́ kí ẹyọ kan yẹn wọlé wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, pẹnáritì kì bá tí wáyé.

Ẹnì kan lè ní kí n má gbàgbé ọdún 1984. Òótọ́ ni. Zamalek na 3SC ní 2 sí 0 ní Káírò àti 1 sí 0 nílé, wọn ò sì rí góòlù kankan gbá wọlé, bẹ́ẹ̀ Yekini wà nínú ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí á kó gbogbo owó sí ẹ̀yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe apá kan náà ló ń yẹ̀ nígbà gbogbo, orúkọ ńlá kan níwájú kò sì lè di gbogbo àlàfo. Àwọn mìíràn á ní góòlù ló ń kó èrò wá sí pápá, èrò ló sì ń mówó wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980, 1 sí 0 ni wọ́n fi na Íjíbítì àti Mòrókò, inú èrò sì dùn. Góòlù méjì Ọdẹ́gbàmí àti ẹyọ kan Mudashiru Lawal nínú àṣekágbá pẹ̀lú Àlgéríà kò ṣeé gbàgbé, àmọ́ ẹyọ góòlù kan ṣoṣo, tí Tànsáníà gbá, ló wọlé Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Christian Chukwu tó dí ẹ̀yìn àti Ogedegbe ló ni ògo ìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àwọn ẹ̀rí ayé àtijọ́ nìyẹn, kó wo Liverpool. Ní oṣù January ọdún 2018, wọ́n ta Coutinho ní nǹkan bí mílíọ̀nù 142 pọ́n-ùn. Wọ́n fi mílíọ̀nù 75 ra Van Dijk tó ń dí ẹ̀yìn, wọ́n sì fi nǹkan bí 67 ra Alisson tó ń ṣọ́ ilé nígbà tó yá. Owó agbábọ́ọ̀lù iwájú kan tó èèyàn ẹ̀yìn méjì rà. Góòlù tó wọlé wọn nínú líìgì já láti 38 sí 22, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2019. Àwọn tó ń gbá góòlù wọlé ti wà nílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ló ń jò, ẹ̀yìn ni wọ́n sì náwó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìpínlẹ̀ Ògùn gidi, níbi tí àwọn tó ń dá ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ wà. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ wà nípò kejì ní sáà méjì léraléra kí wọ́n tó gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2025, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Beyond Limits, tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù dàgbà. Ní Wásinmi, ní ojú ọ̀nà Ìfọ̀ sí Abẹ́òkúta, Ọdẹ́gbàmí fúnra rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Àrépò, Ìbàfò tàbí Mówè kò ní owó Liverpool, nítorí náà àṣìṣe kan lè jẹ gbogbo owó rẹ̀ tán. Kó ka góòlù tó ń wọlé ẹgbẹ́ rẹ̀, kó ka èyí tí wọ́n ń gbá wọlé ẹlòmíràn, kó sì náwó sí èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Ìyìn àwọn èrò kọ́ ni yóò júwe ọ̀nà fún un.