Ìlù Tó Ń Ya: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Sípíkà Ọkọ̀ ní Múṣin

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ l'Ékòó, sípíkà wà lára ohun tó máa ń tètè pààrọ̀. Á gba ọjà Ládípò lọ ní Múṣin, á ra èyí tí wọ́n kọ "300 watts" sí lára, réwáyà á sì bá a dè é mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nígbà tó bá yá, tó bá yí ohùn sókè díẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí aṣọ gbígbó. Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan á ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún un. Àwọn mìíràn á di ẹ̀bi ru réwáyà. Lójú tiwa, ìtàn lè bá wa dá ẹjọ́ yìí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ńlá àti agbára kékeré ti pẹ́ nílùú wa.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédífúṣọ̀n l'Ékòó. Wáyà ni wọ́n ń fà wọ ilé àwọn tó bá san owó, àpótí kékeré kan á sì wà ní ìparí rẹ̀, tí wọ́n fi ń gbọ́ ètò BBC. Àpótí yẹn làwọn àgbà sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Ṣùgbọ́n àpótí náà kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Sípíkà lásán ni, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò. Ibùdó ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní àmpílífáyà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu àti agbára ti jẹ́ nǹkan méjì.

Àwọn olórin jùjú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àmpílífáyà tó dé, bí gángan bá wọ agbo, ohùn gìtá àti ti akọrin á rì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ti gìtá àti ohùn akọrin lẹ́yìn, gángan ráyè wọlé, ó sì di ara jùjú títí dòní. Agbára ni wọ́n fi kún orin kí ìlù tó lè fẹ̀.

Ọkọ̀ wá gba orin lọ́wọ́ ilé. Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún yẹn náà ni owó Údọ́jì dọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí rédíò àti ẹ̀rọ orin sì kún ilé. Lẹ́yìn 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmọ́jú, a sì gba àlòkù láti òkè òkun, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gba Kútọnu wọlé. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun la fún un: Tòkúnbọ̀.

Tòkúnbọ̀ máa ń gbé ohùn tirẹ̀ bọ̀ láti ilé. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ti wọn rédíò àti sípíkà fún ara wọn. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà fi ṣe sípíkà náà, kí agbára díẹ̀ lè mì í. Iná 12 volt ni rédíò ọkọ̀ ń lò. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ "50 watts" sí i lára, nǹkan bí 20 watts tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ ló ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan láìya. "300 watts" tó wà lára sípíkà tuntun, ẹrù tó lè rù ni, kì í ṣe ohùn tó máa mú jáde. Bí sípíkà tuntun bá fi 3 dB rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́ lórí agbára kan náà, ìlọ́po méjì agbára ló máa gbà kó tó dún bákan náà. Awakọ̀ á yí ohùn sókè, agbára rédíò á tán, iná á wá gé orí ìgbì ohùn pẹrẹsẹ. Yíya tí a ń gbọ́ nìyẹn. Ó tún ń ti agbára tó pọ̀ jù sí twítà, ó sì lè jó o.

Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Nínú ọkọ̀, awọ ìlù sábà máa ń wà ní pípé. Apá onílù ló kúrú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná owó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dá béèsì àti trẹ́bù padà sí òdo. Ẹ gbìyànjú orin mìíràn, torí àwọn orin kan ti ń ya látinú fóònù. Bí orin bá mọ́ nígbà tí ohùn wà nílẹ̀, tó wá ń ya lókè, agbára ló kéré. Bó bá ń ya nílẹ̀ lókè, ẹ gbé sípíkà ọ̀tún sí òsì. Bí yíya bá tẹ̀ lé e, sípíkà ló bàjẹ́. Bí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ yẹ wáyà àti rédíò wò. Bí béèsì bá dàwátì, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé wáyà kan sí òdì. Ẹ tú wáyà sípíkà, kí ẹ fi bátìrì 1.5 volt kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, àmì àròpọ̀ sí àròpọ̀: ojú sípíkà yẹ kó sún síta.

Bó bá jẹ́ agbára ló kéré, ẹ ra àmpílífáyà kékeré, kí wáyà iná rẹ̀ nípọn, kó ti ara bátìrì wá, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì. Ẹ má fi ibi tí wọ́n kọ "gain" sí ṣe ibi tí ẹ ó ti máa yí ohùn sókè, torí bó bá ga jù, yíya á padà dé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó àmpílífáyà, kó dá sípíkà bébà rẹ̀ padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó sì fi réwáyà sílẹ̀ o jàre.